Ọjọ́ 5 ní Iquitos pẹ̀lú Màmá: gíga odò ni kí ẹ fi mú oṣù

Ìbéèrè: «Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi fẹ́ lọ sí Iquitos, ìlú etí odò Amazon ní orílẹ̀-èdè Peru. Ọjọ́ 5 péré la ní. Oṣù Kẹsàn-án la mú, nítorí wọ́n ní ìgbà ẹ̀rùn ni, pé òjò kì í rọ̀, ẹ̀fọn kì í sì í sí. Ẹnìkan tún gbà wá nímọ̀ràn pé kí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú Pucallpa tó wà létí odò Ucayali, pé ibẹ̀ ni adùn ìrìn àjò náà wà. A fẹ́ rí ìlú, a fẹ́ rí igbó Pacaya Samiria, a sì fẹ́ rí dólífììnì aláwọ̀ pínkì. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 68. Ara wọn le, àmọ́ orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ọjọ́ 5 tó? Ṣé oṣù tí a mú dára?»

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Inú mi dùn pé Màmá ni ẹ fẹ́ mú lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé igbó Amazon kì í ṣe ibi tí à ń mú àgbàlagbà dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò sí apá ibẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó dàgbà ju Màmá lọ tí wọ́n gbádùn igbó náà ju àwọn ọmọ tó sìn wọ́n lọ. Ọjọ́ 5 tó, bí ẹ bá gbà láti yọwọ́ nínú ohun kan tàbí méjì. Oṣù tí ẹ mú gan-an ni n kò fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí òjò rárá. Nítorí odò ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rùn. Iquitos kò ní ẹ̀rùn gidi. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún sún mọ́ 3,000 mìlímítà, oṣù tí òjò rẹ̀ kéré jù lọ pàápàá sì ń gbà ju 100 mìlímítà lọ. Àkókò tí odò fà ni àwọn tó ń polówó ìrìn àjò ń pè ní ìgbà ẹ̀rùn, ìyẹn láti nǹkan bí oṣù Keje lọ sí oṣù Kẹwàá. Òjò lè ká yín mọ́ ojú omi lọ́sàn-án oṣù Kẹsàn-án, kó rọ̀ kíkankíkan fún wákàtí kan, kí oòrùn tún yọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lọ lóṣù Kẹrin náà á rí oòrùn tó máa jó o lára. Oṣù yòówù kí ẹ lọ, ẹ máa kó aṣọ òjò dání, nítorí náà ẹ má fi òjò mú ọjọ́.

Ti odò yàtọ̀. Ní Iquitos, láàárín ìgbà tí odò kún jù àti ìgbà tó fà jù lọ́dún, gíga omi lè fi bíi mítà 8 sí 10 yàtọ̀ síra. Òjò tó ń rọ̀ sórí ìlú náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa èyí. Odò Marañón àti odò Ucayali ló ń gbé omi náà bọ̀ láti orí òkè Andes, àwọn méjèèjì sì pàdé nítòsí ìlú Nauta, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí pe odò náà ní Amazon. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé. Ìdí ni pé ilẹ̀ Iquitos kò fi ju nǹkan bí 100 mítà ga ju òkun lọ, bẹ́ẹ̀ ìlú náà ṣì jìnnà sí òkun Àtìláńtíìkì ju 3,000 kìlómítà lọ lójú omi. Ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí omi sáré. Ṣe ló ń rọra lọ, tó ń tàn wọ inú igbó lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó jẹ́ kí odò máa kún dé góńgó lóṣù Kẹrin àti Karùn-ún nìyẹn, kó wá fà jù lọ láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹsàn-án tí ẹ mú bọ́ sí àárín gbùngbùn ìgbà tó fà jù.

Kí ni èyí fi kan orúnkún Màmá? Nígbà tí odò bá fà, bèbè rẹ̀ á di ògiri amọ̀. Ọkọ̀ á dúró nísàlẹ̀, ilé tí ẹ máa sùn á wà lókè. Wọ́n á ti fi ṣọ́bìrì gé àtẹ̀gùn sára amọ̀ náà, wọ́n á so igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òpó kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú, wọ́n á sì fi pákó kan so etí ọkọ̀ mọ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ lóru, àtẹ̀gùn náà á máa yọ̀, amọ̀ á sì máa fa bàtà kúrò lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́ á gùn ún kó tó pajú pẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn á gùn ún, á tún sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún, nítorí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìjáde: ti àárọ̀ kùtù láti wo ẹyẹ, ti ọ̀sán, àti ti alẹ́ tí wọ́n fi ń tan tọ́ọ̀ṣì wá ọ̀nì. Kì í sì í ṣe bèbè nìkan ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin inú igbó lákòókò yẹn, lórí gbòǹgbò àti ẹrẹ̀, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wò ó lóṣù Karùn-ún. Omi ti gun bèbè yẹn dókè. Ọkọ̀ á gbé Màmá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé gan-an, nígbà mìíràn ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù tí omi kò tíì bò. Igbó fúnra rẹ̀ á ti dúró sínú omi, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà gbé yín gba àárín igi kọjá, níbi gíga tí ẹsẹ̀ kò lè gbé yín dé láé nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ẹ̀ka igi tí ẹ̀ bá máa gbójú sókè wò á wà ní ìwọ̀n ojú yín. Ẹ má kàn fọwọ́ dì í mú láìwò, nítorí èèrà náà ti sá fún omi wá sórí rẹ̀. Ẹja ń wọ inú igbó yìí lọ jẹ èso tó ń já bọ́, dólífììnì aláwọ̀ pínkì náà sì ń tẹ̀ lé wọn wọlé, nítorí ọrùn rẹ̀ ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì, ó lè gba àárín igi láìkọlù ú. Bí awakọ̀ bá gbé àjẹ̀ sílẹ̀ tí gbogbo yín dákẹ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí, fùú, kí ẹ tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjókòó ni Màmá máa wà tí wọ́n á fi rí gbogbo èyí. Nínú gbogbo àkókò ọdún, òun ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀.

N kò ní tan yín, omi kíkún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀fọn máa ń pọ̀ sí i. Ẹja á ti fọ́n ká inú igbó, ẹni tó fẹ́ fi ìwọ̀ mú piranha sì lè jókòó títí kó má rí ọ̀kan. Etí iyanrìn tí ẹyẹ omi máa ń pé jọ sí á ti wà lábẹ́ omi, àwọn ẹranko orí ilẹ̀ á sì ti ká lọ síbi tó ga. Ẹni tó jẹ́ pé ẹyẹ àti ẹja ló ń wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le, màá ní kó lọ lóṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Dólífììnì kò ṣòro rí nígbàkígbà, nítorí bí omi bá fà wọ́n á kó jọ sí ẹnu ibi tí odò kéékèèké ti ń wọ inú ńlá. Ọ̀rọ̀ yín wá kù sí orúnkún, orúnkún sì ní kí ẹ lọ láàárín ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Bó bá fi máa wọ ìparí oṣù Kẹfà, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ọjọ́ 24 oṣù náà ni àjọ̀dún San Juan, tí gbogbo ìlú máa ń jáde lọ jẹ juane, ìyẹn ìrẹsì àti adìẹ tí wọ́n fi ewé dì sè. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé ọdún kan kì í jọ èkejì. Ní 2012, omi kún kọjá àlà ní gbogbo Loreto, agbègbè tí Iquitos wà. Ní 2024, ọ̀dá mú odò débi pé ọkọ̀ kò lè dé ọ̀pọ̀ abúlé lágbègbè Amazon. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ àti odò ní Peru, SENAMHI, máa ń gbé gíga odò jáde lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó. Ẹ máa yọjú wò ó bí ọjọ́ ìrìn àjò yín bá ti ń sún mọ́.

Ẹni tó ní kí ẹ wọ ọkọ̀ láti Pucallpa kò purọ́ pé ó dùn. Kò sí títì kankan tó so Iquitos mọ́ ìyókù Peru. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde nínú ìlú náà, Nauta ló parí sí, nǹkan bí 100 kìlómítà péré. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù àti èèyàn, àwọn tó bá sì láyè máa ń so aṣọ tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ (hammock) kọ́ sí àjà ọkọ̀, wọ́n á máa wo abúlé tó ń kọjá. Àmọ́ láti Pucallpa, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni. Bí omi bá fà, ọkọ̀ lè jókòó sórí iyanrìn, kó máa retí ẹni tó máa fà á. Ọjọ́ tí ẹ ní ló máa jẹ tán yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kò sì bá Màmá mu. Ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú láti Lima, kò tó wákàtí méjì. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń gbé yín kúrò ní Iquitos àti èyí tó ń gbé yín kúrò ní Peru jẹ́ ti ọjọ́ kan náà. Òjò ńlá lè dá ọkọ̀ òfurufú dúró níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kò sì sí títì tí ẹ máa sá gbà.

Pacaya Samiria ni mo fẹ́ kí ẹ yọwọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Igbó ìpamọ́ yẹn fẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 hẹ́kítà lọ, ó wà láàárín Marañón àti Ucayali, kò sì sí ibi tó dà bí i. Ẹ máa rí àwọn tó ń ta ìrìn àjò ọjọ́ kan síbẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n máa mú yín dé. Láti Iquitos, ẹ máa wọ mọ́tò bíi wákàtí méjì dé Nauta, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àárín rẹ̀ tó fi gbajúmọ̀ sì ń fẹ́ kéèyàn sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ó kàn máa wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ ni. Dípò rẹ̀, ẹ sun alẹ́ àkọ́kọ́ ní ìlú, kí ẹ mú ilé àlejò inú igbó kan tí kò jìnnà ju wákàtí méjì lọ lójú omi, kí ẹ sì sùn síbẹ̀ títí tó fi máa ku alẹ́ kan, kí ẹ padà sí ìlú. Ojú kan ni kí ẹ wà. Igbó kì í fi nǹkan han ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó jí níbì kan náà lẹ́ẹ̀kejì ló máa ń mọ igi tí ọ̀bọ ń wá láàárọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: wọ́n ti dọdẹ púpọ̀ nínú igbó tó sún mọ́ Iquitos, torí náà àwọn ọ̀bọ kéékèèké ni ẹ máa rí, kì í ṣe àwọn ńláńlá. Bí Màmá bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ igbó díẹ̀, Allpahuayo-Mishana wà lójú ọ̀nà Nauta. Láti 2004 ló ti jẹ́ igbó ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, iyanrìn funfun sì wà lábẹ́ apá kan rẹ̀ tí kì í di ẹrẹ̀ bíi ti etí odò.

Ẹ má fojú kéré ìlú náà o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé èèyàn káàkiri níbẹ̀, Màmá kò ní rìn jìnnà. Omi tí ẹ máa rí láti ibi ìnàjú etí odò tí wọ́n ń pè ní Malecón, odò Itaya ni, kì í ṣe Amazon. Amazon ti yí ọ̀nà padà kúrò níwájú ìlú. Ní àdúgbò Belén, àwọn ilé kan wà lórí òpó gíga, àwọn mìíràn wà lórí gẹdú fúyẹ́ tó ń léfòó, tó ń bá omi gòkè, tó ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Bí omi bá kún, ọkọ̀ ni ẹ máa fi wọ ibẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ mú ọmọ àdúgbò náà dání, kí ẹ sì fi góòlù sílé. Nínú ọjà Belén, ẹ máa rí ẹran ìjàpá omi àti ẹran igbó mìíràn. Ẹ má rà á. Bí ọmọdé bá sì gbé ẹranko kan wá pé kí ẹ gbé e ya fọ́tò, ẹ má sanwó fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti pa ìyá ẹranko náà kí wọ́n tó mú ọmọ rẹ̀. Ní àárín ìlú, ẹ máa rí àwọn ilé tí owó rọ́bà kọ́ láàárín nǹkan bí 1880 sí 1912, títí kan Ilé Irin tó wà ní ojúde ìlú. Wọ́n á sọ fún yín pé Gustave Eiffel ló yàwòrán rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀mí àwọn Huitoto, Bora àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ló bá rọ́bà yẹn lọ. Ní 1910 ni Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá wádìí ìwà ìkà tí wọ́n hù sí wọn lẹ́bàá odò Putumayo. Ó wù mí kí ẹni tó bá ń wo ilé wọ̀nyẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọn, oríṣi méjì ni, èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Èyí tó ń gbé ibà lásán kiri máa ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ó sì pọ̀ ní abúlé àti etí igbó. Loreto ni ibà ti pọ̀ jù ní gbogbo Peru. Èyí tó ń gbé ibà dengue, ọ̀sán ló ń jẹni, àárín ìlú ló sì fẹ́ràn. Kò sí oògùn tí ẹ máa lò ṣáájú tó ń dènà dengue bíi ti ibà, àwọ̀n tí ẹ ta sórí bẹ́ẹ̀dì kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Aṣọ alápá gígùn àti ìpara tí ń lé ẹ̀fọn ni, láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kan Màmá jù. Ó yẹ kí èèyàn gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kó tó wọ ibẹ̀, àmọ́ fún ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tí kò gbà á rí, ewu kí ara kọ̀ ọ́ lọ́nà tó le pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Bí Màmá bá ti gbà á nígbà kan rí, àjọ ìlera àgbáyé ti gbà láti 2016 pé ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn. Ẹ wá káàdì wọn àtijọ́ jáde. Èmi kì í ṣe dókítà. Ó kù sọ́wọ́ dókítà tó mọ ara Màmá láti sọ bóyá kí wọ́n gbà á, àti oògùn ibà tó bá àwọn oògùn tí wọ́n ń lò mu. Ẹ lọ rí i ní oṣù méjì ṣáájú, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ pé oṣù Kẹsàn-án nìkan ni wọ́n fún yín láyè níbi iṣẹ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ fagi lé e. Ẹ dín alẹ́ inú igbó kù sí ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìyókù sí ìlú àti odò Nanay. Láti èbúté Bellavista, ọkọ̀ kékeré máa ń gbé èèyàn lọ sí Padre Cocha, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú labalábá àti àwọn ẹranko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n. Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ láàárín ọjọ́ kan náà. Kí ẹ tó sanwó fún ilé àlejò inú igbó kankan, lóṣù yòówù kó jẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ béèrè pé nínú oṣù tí ẹ ń bọ̀, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí títí dé ẹnu yàrá, ṣé amọ̀ ni tàbí igi, ṣé ó ní ohun ìdìmú. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò tí wọ́n yà lóṣù náà gan-an ránṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn á ka ìgbésẹ̀ náà fún yín, wọ́n á sì sọ ẹni tó máa di Màmá lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n bá kàn ní «kò sí wàhálà» láìdárúkọ iye kankan, ẹ wá ibòmíràn.